Ibi tí Ọ̀nà Wa ti Yà

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́, ẹjọ́ ọmọ ilé-ìwé tí mo sì dá láàárín ọdún wọ̀nyẹn kò lóǹkà, ti ẹni tó ní wọ́n jí ìwé òun àti ti ẹni tó ní òun kò fojú kan ìwé rí. N kò sì rántí ọjọ́ kan tí mo gbọ́ tẹnu ẹnìkan ṣoṣo kí n tó nawọ́ gán pàṣán, nítorí àwọn baba wa ti wí fún wa tipẹ́ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kan, nínú ilé mi ní Ìkòròdú, Ìkòròdú Ọ̀gà, nígbà tí iná ti lọ, tí bátìrì kọ̀ǹpútà mi sì ń mí èémí ìkẹyìn, mo jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́, mo ro ẹjọ́ ara mi fún ara mi, mo dá ara mi láre, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì tí àbúrò mi kan ṣe ní Ẹ̀pẹ́ sì di àwátì kí n tó ṣẹ́jú. Ẹ̀kọ́ tí ẹ̀ṣẹ̀ náà kọ́ mi ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí rò.

Iṣẹ́ tó pa wá pọ̀ kò lọ́jú rárá. Ọmọkùnrin tí mo pè ní àbúrò yìí ti jókòó níwájú mi ní kíláàsì nígbà kan rí. Òun ló máa ń béèrè ìdí tí orúkọ ẹja kò fi pọ̀ nínú ìwé kíkà wa, nígbà tó jẹ́ pé ẹja ni ìyá òun ń tà fi san owó ilé-ìwé òun. Nígbà tí ó dàgbà, ó di ẹni tí ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Èmi náà fẹ̀yìn tì. Àwa méjèèjì sì pinnu láti kó ọ̀rọ̀ àwọn ará etí omi jọ, orúkọ ẹja, orúkọ àwọ̀n àti ìwọ̀ àti ìgèrè, orúkọ ohun gbogbo tó wà lára ọkọ̀ láti orí àjẹ̀ títí dé ìdí okùn, kí àwọn tó mọ̀ wọ́n tó tẹ̀lé àwọn baba wọn lọ. Èmi ń gbọ́ tẹnu àwọn apẹja ní Ebúté Ìkòròdú, òun ń gbọ́ tẹnu àwọn ti Ẹ̀pẹ́, àkọsílẹ̀ wa sì jẹ́ ìwé kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lórí ìlà kan, bí ìgbà tí èèyàn bá to ẹja sórí àtẹ.

Ètò tí ó ní kí a fi máa tọ́jú rẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní Git. Bí mo ṣe lóye rẹ̀, àká ni, irú èyí tí àgbẹ̀ fi ń pa àgbàdo mọ́, ṣùgbọ́n àká tí ẹnikẹ́ni tó bá ní ìpín nínú rẹ̀ ní odindi rẹ̀ nílé ara rẹ̀: ọ̀kan wà ní Ìkòròdú lọ́wọ́ mi, ọ̀kan wà ní Ẹ̀pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan sì wà lókèèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwa méjèèjì ti ń pàdé. Bí mo bá ṣe iṣẹ́ débi tí ó tẹ́ mi lọ́rùn, màá dì í ní ìdì kan, màá kọ ìdí tí mo fi ṣe é, ètò náà á sì fi orúkọ mi àti wákàtí ọjọ́ náà sí i. Èyí ni wọ́n ń pè ní commit. Ohun tó wú mi lórí jù nínú rẹ̀ ni pé ìdì kọ̀ọ̀kan mọ òbí tó bí i. Ẹ mú èyí tó kẹ́yìn, ẹ bi í léèrè, á tọ́ka sí èyí tó ṣáájú, ìyẹn náà á tọ́ka sí tirẹ̀, títí a ó fi dé ọjọ́ tí a kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Arọ́kìn kì í ka ìran ọba jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, òjò ti da íntánẹ́ẹ̀tì àdúgbò wa rú fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Mo ń ṣiṣẹ́ lọ ní tèmi, n kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọ̀nà là ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, mo pàṣẹ push, èyí tí í ti iṣẹ́ ilé lọ sí àká òkèèrè, ẹ̀rọ sì kọ̀ jálẹ̀. Ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ fún mi pé fetch first, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kí n kọ́kọ́ lọ gbé ohun tó wà lọ́hùn-ún wá, nítorí ẹlòmíràn ti kó iṣẹ́ tí n kò ní síbẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé ẹ̀rọ náà kò ṣẹ̀ mí? Ó kìlọ̀ fún mi bí àgbà ṣe ń kìlọ̀ fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ojú ń kán mi, bátìrì ń kú lọ, mo sì ti rí i níbì kan rí pé bí èèyàn bá fi ọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ́ --force kún àṣẹ náà, ẹ̀rọ kò ní jiyàn mọ́. Mo fi í kún un. Àká òkèèrè gba tèmi, ó sì jọ̀wọ́ ti ọmọkùnrin náà bí ẹni jọ̀wọ́ okùn ọkọ̀. Ìdì mọ́kànlá tí ó fi ọ̀sẹ̀ méjì dì, tí ó sì kó síbẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta náà, kò ní ẹni tí yóò tọ́ka sí wọn níbẹ̀ mọ́. Mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo sì sùn bí ẹni tó ṣe rere.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí fóònù fi dún.

“Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, ṣé ẹ̀yin lẹ fi agbára ti iṣẹ́ lánàá?”

Mo ní èmi ni. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, mo sì ń gbọ́ ariwo ọjà lẹ́yìn rẹ̀.

“Kò burú, sà. Kò tíì sọnù. Màá wá bá yín ní Ìkòròdú lọ́jọ́ Sátidé, ká jọ tún un ṣe.”

Mo sọ fún un pé kí ó má ṣe ìyọnu, nítorí ẹni tó jẹ gbèsè ni í gbé ẹsẹ̀ lọ bá olówó. Bó ṣe di ọjọ́ Sátidé, mo wọ ọkọ̀ ní Sábó, a gba Ìtòkín, igbó àti ilé ń yípo lójú fèrèsé, mo sì ń ka ìdì mọ́kànlá náà lórí ìka mi gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, títí a fi wọ Ẹ̀pẹ́.

Ọjà Olúwo ni a ti pàdé, nídìí àtẹ ìyá rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ wà. Àrọ̀ ń jà nínú ọpọ́n, edé gbígbẹ pupa lórí àtẹ, ọmọ kan ń bọ́ ìpẹ́ epìyà, ìpẹ́ náà ń ta sí aṣọ rẹ̀ bí ẹyọ owó. Ìyá gbé àga fún mi, ó kí mi kú ọ̀nà, ó bi mí léèrè àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi omi tútù lọ̀ mí, kò sì béèrè ohun tó gbé mi wá títí mo fi mí ìmí ìsinmi. Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, “Tíṣà, ohun tí màmá ṣe fún yín yìí ni fetch.”

Ó wá ṣàlàyé. Iṣẹ́ rẹ̀ kò sọnù nítorí pé odindi rẹ̀ wà nínú àká tirẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́; ohun tí mo bàjẹ́ kò ju ti ibi ìpàdé lọ. Ó ti gbé e padà síbẹ̀ lórí ẹ̀ka ọ̀tọ̀ tí ó sọ ní epe, kí ó má baà tún fi agbára lé tèmi, kí ẹ̀san má baà bí ẹ̀san. Ó ní kí n pàṣẹ fetch lórí kọ̀ǹpútà mi. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì yára wo ìwé wa, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó yí padà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ti lọ sókèèrè, ó ti kó gbogbo ìdì tí n kò ní wá, ó sì tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan lábẹ́ orúkọ origin/epe, láì fi ọwọ́ kan ẹyọ ìlà kan nínú iṣẹ́ tí mo tẹ́ sílẹ̀. Àlejò ti wọlé, ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó jókòó sí. Mo lè wo ojú rẹ̀, mo lè béèrè ohun tó gbé wá, mo lè fi ẹrù rẹ̀ wé tèmi ní ìlà kan sí ìkejì, kí n tó sọ fún un pé kó máa bọ̀ nínú yàrá. Àṣẹ kan wà tó ń jẹ́ pull, tí í ṣe gbígbé wá àti dídàpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yá, kò sì burú lọ́wọ́ ẹni tó mọ ẹni tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n fún irú mi, ó ní kí n máa ya méjèèjì sọ́tọ̀: kí n gbà, kí n wò, kí n tó dà á pọ̀.

Mo bi í léèrè bí ẹ̀rọ ṣe máa ń mọ ohun tí yóò mú àti ohun tí yóò fi sílẹ̀ nígbà tí a bá pàṣẹ ìdàpọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní merge, nítorí mo rò pé ńṣe ni yóò kàn to ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìdáhùn rẹ̀ ni ó jẹ́ kí n jókòó ṣinṣin. Ó ní ìwé méjì kò tó ẹ̀rí. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wà nínú tèmi tí kò sí nínú tirẹ̀, ta ló mọ̀ bóyá èmi ni mo fi kún un tàbí òun ló yọ ọ́ kúrò? Ojú méjì tó ń wo ara wọn kò lè dá ẹjọ́ náà. Nítorí náà ẹ̀rọ á kọ́kọ́ tọ ìdì mi sẹ́yìn láti òbí dé òbí, á tọ tirẹ̀ náà bẹ́ẹ̀, títí á fi dé ibi tí ìran méjèèjì ti pàdé, ìyẹn ìdì tó kẹ́yìn tí àwa méjèèjì jọ ní kí ọ̀nà wa tó yà. Ìwé mẹ́ta ni ó máa ń kà: ti ibi tí a ti yà, tèmi, àti tirẹ̀. Èyí tó bá yí padà lọ́wọ́ mi nìkan, tèmi ni yóò mú. Èyí tó bá yí padà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan, tirẹ̀ ni yóò mú. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn á wà bó ṣe wà.

Mo rántí ẹjọ́ ogún tí mo ti jókòó sí nígbà kan, tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò gbé ìwé ohun ìní baba wọn wá, tí igi obì kan wà nínú ìwé ẹ̀gbọ́n tí kò sí nínú ti àbúrò, tí wọ́n sì pariwo láti àárọ̀ dé ọ̀sán, ọ̀kan ní èkejì purọ́ kún un, èkejì ní ọ̀kan jí i yọ, títí arúgbó kan fi bi wọ́n léèrè pẹ̀lẹ́ pé, “Ní ọjọ́ tí baba yín kú, ṣé igi náà wà níbẹ̀?” Gbogbo ilé dákẹ́. Ìbéèrè arúgbó yẹn ni ẹ̀rọ yìí ń bi ara rẹ̀ lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ á gbẹ. Èèyàn méjì tí kò bá rántí ibi tí ọ̀nà wọn ti yà kò lè mọ ẹni tó ṣí kúrò lójú ọ̀nà.

Mo pàṣẹ merge. Ìlà bí igba ló wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ti Ìkòròdú àti ti Ẹ̀pẹ́ tò sí ààyè wọn bí ẹni pé ọwọ́ kan ló kọ wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ dúró. Ó ní conflict wà níbì kan, ìyẹn ibi tí ọwọ́ wa ti kọlura, òun kò sì ní dá sí i. Mo ṣí ìwé náà, mo sì rí àmì bí ẹnu ọfà méje tó kọjú sí òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ HEAD, ìyẹn ibi tí èmi dúró, nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ìlà mi wà, “epìyà: ẹja odò.” Àmì ìdọ́gba méje pín àárín. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìlà tirẹ̀, “epìyà: ẹja ọ̀sà,” ẹnu ọfà méje mìíràn tó kọjú sí ọ̀tún sì ti ilẹ̀kùn náà, pẹ̀lú orúkọ origin/epe. Níbi tí a ti yà, ohun tó wà níbẹ̀ kò ju “epìyà: ẹja” lọ. Olúkúlùkù wa ti fi ohun tí ó mọ̀ kún un.

Ìyá ń wò wá láti ìdí àtẹ rẹ̀. Ó béèrè ohun tí a ń bá jà. A sọ fún un. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá ní, “Ẹ̀yin akọ̀wé! Èyí tó bá wà lódò, ti odò ni. Èyí tó bá wà lọ́sà, ti ọ̀sà ni. Àwọn méjèèjì ni mò ń tà.” Mo pa àmì ọfà rẹ́, mo pa àmì ìdọ́gba rẹ́, mo sì kọ ọ́ báyìí: “epìyà: ẹja odò àti ti ọ̀sà.” Ìlà yẹn kì í ṣe tèmi, kì í ṣe tirẹ̀, ó sì pé ju ti ẹnikẹ́ni nínú wa lọ. Kò sí bí ẹ̀rọ ṣe lè kọ ọ́, nítorí ẹ̀rọ kò ta ẹja rí.

Inú mi dùn, mo rò pé a ti parí. Ọmọkùnrin náà mi orí. Ó ní ìjà tó pariwo kò ṣòro, nítorí ẹ̀rọ ti pè wá sí i. Èyí tó yẹ ká bẹ̀rù ni èyí tí kò fọhùn. A jọ ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní Ìkòròdú, mo ti yọ “ìgèrè” kúrò láàárín àwọn àwọ̀n, èrò mi sì ni láti tún un kọ síbòmíràn lọ́jọ́ mìíràn. Ní Ẹ̀pẹ́, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, òun ti kọ ọ̀rọ̀ kan nípa bí wọ́n ṣe ń dẹ ẹja, ó sì fi ìtọ́ni parí rẹ̀ pé kí òǹkàwé wo ìgèrè lókè. Ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ọwọ́ wa kò kan ara wọn, ẹ̀rọ sì dà wọ́n pọ̀ láìsí àríyànjiyàn kankan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ìwé náà á gòkè lọ wá ìgèrè, kò sì ní bá a. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìlà ni ẹ̀rọ ń bá làjà. Ìtumọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń kà á. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fura sí àlàáfíà tó bá yára dé láàárín èèyàn méjì.

A tún bá ẹyọ kan tó fẹ́ sọ wá di aláìgbọ́n. Ẹ̀rọ ní ọwọ́ wa kọlura lórí “àrọ̀,” bẹ́ẹ̀ ni lójú mi, lójú rẹ̀, lójú ìyá rẹ̀ pàápàá, àrọ̀ òkè àti àrọ̀ ìsàlẹ̀ jọ ara wọn bí ìbejì. Ó wá ṣàlàyé pé ọ̀ tí ó ní àmì sábẹ́ àti àmì sórí kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tí kọ̀ǹpútà fi mọ̀ ọ́n: ẹnìkan lè kọ ọ tí ó ti ní àmì nísàlẹ̀, kó wá fi ohùn lé e lórí, ẹlòmíràn lè kọ o lásán, kó fi àmì sábẹ́, kó tó fi ohùn lé e, ẹlòmíràn sì lè mú ò tí ó ti ní ohùn, kó wá fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta, ojú kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ kò mọ ojú, nọ́ńbà ló mọ̀, ó sì ń pa wá níjà lórí ohun tí a fohùn ṣọ̀kan lé. A fẹnu kò lé ọ̀nà kan, a sì yí gbogbo ìwé náà sí i. Mo rò ó pé àwọn tó ṣáájú wa náà ti ṣe irú ìfẹnukò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, tí onírúurú ọwọ́ sì ń kọ èdè wa ní onírúurú ọ̀nà, ìpàdé ni wọ́n pè ní Èkó ní 1875 lórí bí a ó ṣe máa kọ ọ́. Iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ dà pọ̀ sí lára kò sì pé ní odindi títí di 1884. Èdè tí mo fi ń kọ àròkọ yìí fúnra rẹ̀, ìdàpọ̀ ẹnu ọ̀pọ̀ ìlú ni.

Kì í ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti ní irú sùúrù yìí. Nínú ètò SCCS tí Marc Rochkind ṣe ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní 1972, àti nínú RCS tí Walter Tichy ṣe ní Yunifásítì Purdue ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ tún ìwé kan ṣe á ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn. Àwọn yòókù á dúró síta títí yóò fi ṣe tán, bí ìgbà tí àdá kan ṣoṣo bá wà nínú agbo ilé. Dick Grune, olùkọ́ ní yunifásítì kan ní Amsterdam, ló bẹ̀rẹ̀ CVS, èyí tó bọ́ lọ́wọ́ kọ́kọ́rọ́ náà, ní 1986, nítorí pé òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ méjì jọ ń ṣe iṣẹ́ kan, àkókò tó rọ ọ̀kan lọ́rùn kò sì rọ èkejì. Nígbà tí ọmọkùnrin náà sọ ìtàn yìí, a wo ara wa, a sì rẹ́rìn-ín, nítorí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ náà ni àwa. Git dé ní oṣù kẹrin ọdún 2005, nígbà tí àwọn tó ń kọ Linux pàdánù ẹ̀tọ́ láti máa lo BitKeeper, ètò irú rẹ̀ kan, lọ́fẹ̀ẹ́, tí Linus Torvalds, olórí wọn, sì jókòó kọ tirẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí oṣù kẹjọ tó wọlé, ó ti fà á lé Junio Hamano lọ́wọ́. Lónìí, irú àká bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe YorubaName, àkójọ orúkọ tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀, kó iṣẹ́ wọn sí, kí ọwọ́ púpọ̀ lè máa bá wọn ṣe é. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n àgbájọ náà ní ètò tirẹ̀.

Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, mo rí i tí ó ń wo ìtàn iṣẹ́ wa lójú ẹ̀rọ, ìlà méjì tó yà kúrò lára ara wọn tó sì tún padà pàdé ní ìdì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, ìdì tó ní òbí méjì, ọ̀kan ní Ìkòròdú, ọ̀kan ní Ẹ̀pẹ́. Mo ní kò rẹwà lójú mi, pé ǹ bá fẹ́ kí ó gún régé. Ó ní ọgbọ́n kan wà fún un, rebase ni wọ́n ń pè é: á tú ìdì mi palẹ̀, á tún wọn dì lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé ibi tí òun parí sí ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn á gún bí okùn. Ṣùgbọ́n ìdì tuntun kì í ṣe ti àtijọ́ mọ́, ó ti gba orúkọ mìíràn. Nítorí náà èèyàn lè ṣe é fún iṣẹ́ tó ṣì wà nínú yàrá rẹ̀, kò sì yẹ kó ṣe é fún èyí tí ó ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ó nawọ́ sí ìgboro níwájú wa. “Tíṣà, ẹ wo Ẹ̀pẹ́ yìí.” Mo wò ó, mo sì mọ ohun tó ń sọ. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti yìnbọn lu Èkó ní ìparí ọdún 1851, tí Akítóyè sì padà sórí ìtẹ́, Kòsọ́kọ́, ọba tí wọ́n lé kúrò lórí ìtẹ́ náà, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì bá àwọn Ìjẹ̀bú níbẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 1854, Kòsọ́kọ́ bá Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àdéhùn ní ìlú yìí. Ní 1862 ó padà sí Èkó, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tó tẹ̀lé e kò bá a lọ. Títí di òní olónìí, Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ wà, Èkó-Ẹ̀pẹ́ wà. Àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́ ń ṣe ọdún Káyókáyó láti fi rántí dídé àwọn baba wọn, àwọn Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ sì ní ọdún tiwọn, ọjà kan náà ni wọ́n sì jọ ń ná. Ìlú tó ní òbí méjì ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìtàn rẹ̀ gún régé, kó tò ó bí ẹni pé ẹnìkan ṣoṣo ló dé, ìjà ló ń wá. Mo ti rí ìlú púpọ̀ ní ilẹ̀ wa tí ọ̀rọ̀ “ta ló kọ́kọ́ dé” sọ di ti kóòtù, nítorí pé ẹnìkan tún ìtàn dì lẹ́yìn tí ìtàn náà ti wà lọ́wọ́ gbogbo ayé. A fi ìlà méjèèjì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà.

Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn, mo sì rí i pé ẹ̀ṣẹ̀ mi ní alẹ́ ọjọ́ yẹn kì í ṣe pé mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi jù. Ohun tó ṣe mí ni pé fún ọjọ́ mẹ́ta tí n kò gbọ́ ohùn Ẹ̀pẹ́, mo ti rò pé Ẹ̀pẹ́ dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ayé kì í dúró de ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kú. Láti ìgbà náà, bí mo bá jí, kí n tó kọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, fetch ni mo kọ́kọ́ ń ṣe, bí ọmọ tí a kọ́ ṣe ń kí ará ilé kó tó sọ ohun tó ń wá. Ní àárọ̀ ìjẹta, ọmọkùnrin náà pè mí.

“Tíṣà, ẹ káàárọ̀, sà. Mo ti fi ìgèrè sí ààyè rẹ̀, mo sì tún ọ̀rọ̀ nípa àjẹ̀ kọ. Ṣé ó ti dé ọ̀dọ̀ yín?”

Mo ní ó ti dé. “Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà. Mo ṣì ń fún un lómi.”